Pílánù Ilé Aláwọ̀ Aró

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní pílánù ilé àtijọ́ tí bébà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró (blueprint), tí wọ́n ká bí ẹní, àti fọ́tò bọ́ọ̀sì ìgboro. Báwo ni ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìlú ṣe máa ń tọ́jú irú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ kò dà wọ́n nù. Pílánù yẹn ló gba ìṣọ́ra jù. Ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ́ kó ṣá, nítorí náà inú òkùnkùn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bó bá ti ṣá, òkùnkùn lè dá díẹ̀ padà nínú àwọ̀ rẹ̀. Bébà tí wọ́n fi èròjà ẹfun sí láti pa ásíìdì dára fún ọ̀pọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n ó ń ba aró yìí jẹ́. Èyí tí kò ní ásíìdì, tí kò sì ní ẹfun, ni kí ẹ fi wé e. Bó bá ti gan, ẹ má fi agbára tú u, yóò ya. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́: gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa wọ inú bébà, a sì pọ́n.

Ní ti fọ́tò, ẹ fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ orúkọ òpópónà, nọ́ńbà bọ́ọ̀sì àti ọdún sí ẹ̀yìn etí rẹ̀.