Kí la ń pe kọ́rídọ̀ nílé wa?

Ìbéèrè

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Òkèlélé nilé wa. Manchester lèmi àti ìyá wọn ti ń tọ́mọ. Tíṣà Ràmátù, ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní kí oníkálukú bi àwọn òbí ẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń pe kọ́rídọ̀ lédè ilé wọn, kó sì kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a tan mọ́ ọn. Mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ó ní tíṣà sọ pé kọ́rídọ̀ tún lè jẹ́ ilẹ̀ tó gùn lọ gbọọrọ, tí ìlú rẹpẹtẹ wà lórí ẹ̀. Ó wá ń bi mí bóyá ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn náà. Ẹnu mi wọhò. Ẹ gbà mí o.

Bàbá Ràmátù

Ìdáhùn

Wàálékúmù sàlámù, Bàbá Ràmátù. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ sọ dáa, àmọ́ kò gbọdọ̀ jáde nílé. Bí Ràmátù bá lọ kọ “ọ̀dẹ̀dẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn”, àwọn àgbà á fi rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ti inú ilé, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ní ilé àtijọ́ tiwa ní Òmù-Àrán, béèyàn bá ti kúrò lójúde, ìloro ló máa kọ́kọ́ bá. Ibẹ̀ lálejò ń dúró sí títí wọ́n á fi ní kó wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi tí òrùlé nà bò níwájú àwọn yàrá, tó yí àgbàlá po. Ẹni tó ń lọ sí ìyẹ̀wù ní láti gbabẹ̀ kọjá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni màmá àgbà ń tẹ́ ẹní sí, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n ń dá ẹjọ́ àwọn ọmọ tó jà. Kọ́rídọ̀ ilé ìwé Ràmátù kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, tíṣà á ní kó dìde.

Èyí tó jọ tiwọn gan-an ni ti ilé oníyàrá-kọjú-síra, tí àárín ẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, tí sítóòfù àti kẹ́ẹ̀gì omi tò sẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan. Pásééjì ni gbogbo ayé ń pe ìyẹn. “Ta ló da omi sí pásééjì?” Ẹ jẹ́ kó kọ pásééjì sílẹ̀ láìtijú. Àwọn kan á ní kì í ṣe Yorùbá gidi. Ẹ má dá wọn lóhùn, pásééjì làwọn náà ń gbà wọ yàrá wọn.

Ó wá kan ti ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń wá, ẹnu yín ló wà látọjọ́ yìí: ọ̀nà. Tí wọ́n bá bi yín ní Ìlọrin pé ibo lẹ ń gbé, tẹ́ ẹ ní “ọ̀nà Àjàṣẹ́”, kò sẹ́ni tó máa rò pé orí títì lẹ ń sùn. Ẹni tó bi yín ti mọ̀ pé títì yẹn àti gbogbo ilé, ṣọ́ọ̀bù àti gáréèjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀ lẹ ń sọ. Ọ̀nà kan náà ló wà nínú ara wa: ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ kọ́ ọ ní “ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run”, á fẹ́ràn ẹ̀, pàápàá tó bá ní àbúrò tó jẹ wọ̀bìà.

Àwọn ìbátan ẹ̀ ò wúlò síbi kan náà. Apá àti ìhà kàn ń nàka ni: apá Ọ̀ffà, ìhà Jẹ́bà. Agbègbè àti sàkání ń sọ ohun tó yí ibì kan ká. Ilẹ̀ máa ń bá orúkọ àwọn èèyàn rìn, bí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹkùn wà lọ́wọ́ ìjọba àti olóṣèlú báyìí: ẹkùn ìdìbò Gúúsù Kwara ní ìjọba ìbílẹ̀ 7, Èkìtì, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ọ̀ffà, Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Ọ̀yún. (Ọmọ tèmi bi mí pé ṣé ẹkùn inú igbó ló ń dìbò ni.)

Bí tíṣà bá ń fẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ fún un ní rélùwéè. Láti Èkó ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹ bọ̀. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Ọ̀ffà wọ Ìlọrin ní 1908, ó sì kan Jẹ́bà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òwò àti èèyàn tẹ̀ lé irin náà láti ìlú dé ìlú. “Àwọn ìlú ojú ọ̀nà rélùwéè” la máa ń pè wọ́n, kọ́rídọ̀ tí tíṣà ń sọ gan-an nìyẹn. Níbí, ní Baltimore tí mo wà, bẹ́ẹ̀ náà ni: ojú irin tó ti Boston wá sí Washington gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, kọ́rídọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì lọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara eré sísá. Ìdí nìyẹn tó fi bá inú ilé mu, tó tún bá ojú irin mu.

Kó má gbàgbé àmì ohùn o. Ọ̀nà la ń rìn; ọnà làwọn agbẹ́gilére ń ṣe.

Tí àyè inú ìwé ẹ̀ ò bá pọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti pásééjì tó fún ti ilé, ojú ọ̀nà àti agbègbè tó fún ti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà kó pe ìyá yín ní Òkèlélé, kó ní kí wọ́n júwe bí òun ṣe máa rìn láti Ọjà Ọba délé. Ẹ gbé fóònù sí gbangba, kẹ́ ẹ sì panu mọ́. Bí màmá bá lo ọ̀rọ̀ tí mi ò kọ síbí, ti màmá ni kó mú lọ síléèwé.

Ìyá Tómi