Ẹ Bi Bàbá Onítírélà: Kí Ni Rédíò CB Ṣì Wà Fún?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ ẹrù ni mò ń wà, ọdún kejì mi rèé. Ọ̀gá mi ní dandan ni kí n fi rédíò CB, èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú títì, sínú ọkọ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, máàpù inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ fi rédíò àtijọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, fóònù rẹ dára, má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ta ni o lè fi pè? Ẹni tí o ní nọ́ńbà rẹ̀ ni. Awakọ̀ tó wà ní kìlómítà 4 níwájú rẹ, tó ń wo ohun tí ojú rẹ kò tíì tó, o ò ní nọ́ńbà tiẹ̀. Òun gan-an ni CB ń bá ọ wá.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, kùrukùru bo títì, iná ọkọ̀ mi ò ríran jìnnà, síbẹ̀ mò ń sá eré tèmi lọ. Ohùn obìnrin kan jáde lórí ìkànnì 19: "Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tírélà kan ti dábùú léénì ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá kọjá afárá. Epo ti dà sílẹ̀. Ẹ rọra, ẹ gba òsì." Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Nígbà tí mo fi débẹ̀, mo ti ń rákò bí ìgbín, epo yẹn sì ń dán lójú títì bíi dígí. Máàpù inú fóònù mi ò tíì mọ nǹkan kan. Kí ló fẹ́ mọ̀? Ó ń dúró kí ọkọ̀ kọ́kọ́ há ná, kó tó pe ibẹ̀ ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó ń fojú rí i kì í dúró, ó sì máa ń sọ léénì tó dí fún ọ. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ńkọ́? CB ò nílò rẹ̀.

Ohun tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ní Amẹ́ríkà nìyí. Nígbà tí epo wọ́n ní 1973, CB ni àwọn onítírélà fi ń júwe ilé epo tó ṣì ń tà fún ara wọn. Ìkànnì 23 ló wà nígbà náà. Ariwo pọ̀ débi pé ìjọba sọ ọ́ di 40 ní 1977.

Ìbéèrè: Bàbá, mo ra rédíò CB tó dára. Ṣùgbọ́n bí èmi àti ẹnìkejì mi bá ti fi kìlómítà 1 jìnnà síra, a ò gbọ́ ara wa mọ́. Ẹnì kan ní kí n ra ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára rédíò.

Ìdáhùn: Ẹ má rà á o! Ní Amẹ́ríkà, wọ́ọ̀tì 4 ni òfin gbà fún ẹni tó bá ń lo AM, ọ̀nà ìgbóhùn tí CB sábà ń lò, ẹ̀rọ afikún-agbára sì jẹ́ èèwọ̀. Ẹ wo ti orílẹ̀-èdè yín náà. Ká tiẹ̀ ní òfin ò sọ nǹkan kan, ẹ̀rọ yẹn á jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ yín, ẹ̀yin ò sì ní gbọ́ wọn. Ẹnu ńlá, etí kékeré.

Áńtẹ́nà yín ni mo fura sí. Ìgbì CB gùn tó nǹkan bíi mítà 11, áńtẹ́nà tó bá a mu jù lọ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, bíi mítà 2.7. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà iṣẹ́ fi ń gbé ọ̀pá gbọọrọ kiri bí apẹja. Inú àwọn kúkúrú, wáyà ni wọ́n wé pọ̀ sí i kó lè ṣe bí ẹni gùn. Irin ara ọkọ̀ yín wà lára áńtẹ́nà yẹn pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ọ̀dà ni ìdí rẹ̀ jókòó lé, tí kò kan irin, iṣẹ́ kò yá. Ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀. Àárín òrùlé ló dára jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn SWR, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí áńtẹ́nà ṣe bá rédíò mu tó; bó ṣe kéré tó ló dára tó. Ẹ wa ọkọ̀ lọ sí gbangba, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìkànnì 1 àti 40. Bí ti 1 bá ga ju ti 40 lọ, áńtẹ́nà kúrú jù. Bó bá jẹ́ ti 40 ló ga, ó gùn jù. Bó bá wà ní 1.5 sísàlẹ̀, ẹ jó ijó ayọ̀. Bó bá kọjá 3, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀, torí ẹ lè jó rédíò náà. Mo ti jó ọ̀kan rí nítorí ìkánjú, ìyàwó mi ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ dòní.

Ìbéèrè: Ṣé ó di dandan kí n mọ gbogbo kóòdù bíi 10-4 tí wọ́n ń sọ lórí CB?

Ìdáhùn: Rárá. 10-4, "mo ti gbọ́". 10-20, "ibi tí mo wà". Méjì yẹn tó. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ mí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á gé. Ẹ fi ìkànnì 9 sílẹ̀ fún pàjáwìrì. Ẹ má sì sọ ẹrù tí ẹ gbé tàbí ibi tí ẹ fẹ́ sùn, gbogbo ayé ló ń gbọ́. Bí wọ́n bá bi èmi, pákó ni mo gbé, bó tiẹ̀ jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló kún ẹ̀yìn mi.