Ọmọ mọ̀ pé igbó kò dáa, ẹnu láti kọ̀ ni kò ní

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Tíṣà JSS 2 ni mí ní Ọ̀fà. Lọ́dọọdún la máa ń pe èèyàn wá sọ fáwọn ọmọ wa lórí asẹ́ḿbílì pé igbó àti kòdín ń sọni di wèrè. Síbẹ̀, a ṣì ń ká a mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí ni mo tún lè ṣe?

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Dídẹ́rù bà wọ́n kò tó. Ọmọ yẹn ti mọ̀ pé igbó kò dáa. Ohun tí yóò sọ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá na sóbò tí wọ́n po Tramadol mọ́ sí i lẹ́yìn iléèwé ni kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣeré. Nínú kíláàsì kan níbí ní Ìlọrin, mo fún ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀kì, mo ní sìgá ni, kó fi lọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ dorí kodò, ó ń fi bàtà ha ilẹ̀: "Èmi ò... mi ò fẹ́." Ohùn ò jáde. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbójú sókè: "Èmi kì í mu ún o. Bọ́ọ̀lù ni mò ń lọ gbá, ṣé o ń bọ̀?" Ó sì kọrí síbi tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àtúnṣe yẹn gan-an niṣẹ́ wa. Ẹ̀kọ́ 12 ló wà nínú Unplugged, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iléèwé láti yàgò fún oògùn olóró, tí wọ́n ti ń lò láwọn iléèwé kan ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan kọ́.

Àwọn ọmọ tún gbà pé gbogbo èèyàn ló ń lo oògùn olóró. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye èèyàn tí wọ́n rò pé ó ń lò ó nínú 100 sórí bébà, láìkọ orúkọ. Kí ẹ tó wá sọ fún wọn pé ìwádìí ọdún 2018 kan nípa Nàìjíríà rí i pé, nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, bíi 14 ló lo oògùn olóró lọ́dún kan. (Ọtí àti sìgá kò sí nínú ìṣirò yẹn o.) Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn yọ 14 kúrò nínú 100.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹni tó ti mu ún rí wá ròyìn. Ìtàn rẹ̀ lọmọ máa ń gbé lọ sílé, kì í gbé ìkìlọ̀ inú rẹ̀.

Èyí tí ẹ bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í pé báwo ni ilé, ṣé ó ń rí oorun sùn.