Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Owó Ẹgbẹ́ Ìlú àti Ìmọ̀ Èdè òun Ìtàn

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Èkó ni a sì ti ń ṣèpàdé. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí a ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Ní ìpàdé tó kọjá, mo dábàá pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń kọ́ èdè Yorùbá, ìtàn àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àátì kì í bọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà, n kò mọ ohun tí à bá fi owó náà ṣe yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Agége

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú akitiyan. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín kò yà wá lẹ́nu, nítorí òbí tó ta ilẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé yóò fẹ́ mọ ibi tí owó náà máa gbà padà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa bi wọ́n léèrè ìwé tí wọ́n máa ń gbé lọ síwájú adájọ́ nígbà tí ọ̀ràn oyè bá dá ìjà sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, a jẹ́ pé ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ nípa àwọn ìlú wa ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939 ni, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà ní ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìlú tí kò bá ní ẹni tó lè ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kí ó sì mọ ibi tí ajẹ́lẹ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, tí kò sì ní ìtàn tirẹ̀ lákọsílẹ̀ láti fi gbé e yẹ̀ wò, ohun tí ajẹ́lẹ̀ bá kọ ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìlú náà títí láé. Àwọn tó kọ́ àátì ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí dókítà tó lè bá wọn ṣe é.

Ní ti ohun tí ẹ lè fi owó náà ṣe, ẹ kọ́kọ́ jìnnà sí ayẹyẹ. A ti dé ibi ìkójáde ìwé ìtàn ìlú kan rí, níbi tí aṣọ ẹbí, ìjókòó àga àti ìlù ti ná ẹgbẹ́ ní owó tó ju èyí tí òǹkọ̀wé rí gbà fún gbogbo ọdún tí ó fi ṣe ìwádìí lọ. Ìwé náà kò sì ní àmì ohùn kan ṣoṣo lórí oríkì tó wà nínú rẹ̀, débi pé ọmọ ìlú tí kò bá ti gbọ́ oríkì ọ̀hún tẹ́lẹ̀ kò lè kà á bó ṣe yẹ. Ibi tí owó ti ń wọ́n onímọ̀ ni ibi tí ojú kì í tó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ fún wákàtí kan péré, ó lè gbà á ní ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dà á kọ tán pẹ̀lú àmì ohùn, lẹ́yìn náà ni yóò tún padà lọ bá ìyá náà láti béèrè ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tí kò yé e. Owó ọkọ̀ nìyẹn, owó bátìrì, àti ohun tí a fi ń mọ rírì abẹ́nà ìmọ̀, ìyẹn ẹni tí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí kò bójú mu kí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà ní ọ̀sán gangan kí a sì fi í sílẹ̀ láìfún un ní ohunkóhun. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tàbí ti èdè Yorùbá tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ bá kan ìlú yín tàbí agbègbè yín, kí ẹ sì san irú àwọn owó wọ̀nyí fún un.

Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàbúrì Bíọ̀bákú di olórí ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá ní ọdún 1956, onímọ̀ ìtàn nìkan kọ́ ni ó kó jọ. Àwọn onímọ̀ èdè, iṣẹ́ ọnà àti àwọn tó ń wú nǹkan àtijọ́ nílẹ̀ wà níbẹ̀. Ọdún 1973 ni ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ lórí àwọn orísun ìtàn Yorùbá tó jáde. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń retí ìwé kó tó di ọdún Keresì tó ń bọ̀, àhesọ ni wọn yóò rí gbà.

Ibì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra gidigidi. Ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù lè fẹ́ kí ìwé náà sọ pé ìdílé tirẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ ìlú dó, pàápàá bí ìdílé náà bá ń du oyè lọ́wọ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹgbẹ́ kò ní láṣẹ láti yí ohun tí olùwádìí bá rí padà, àti pé bí àwọn ìdílé méjì bá sọ ìtàn méjì, méjèèjì ni yóò wọnú ìwé. Nínú àdéhùn kan náà, ẹ sọ pé olùwádìí yóò wá sọ ohun tí ó rí fún ará ìlú ní gbọ̀ngàn ìlú, ní èdè Yorùbá, kí àwọn àgbà tí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn lè ṣàtúnṣe ibi tó bá wọ́, kí ẹ̀dà iṣẹ́ náà sì wà ní ààfin àti ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú.

Ẹ má gbàgbé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé kan ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Owó ìrànwọ́ tí Ford Foundation, àjọ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà, fún wọn ran ètò náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé kíkọ ìwé tí àwọn ọmọ yóò máa kà àti dídá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ wà lára iṣẹ́ tó gba wàhálà jù. Bí ẹgbẹ́ yín bá ra ogójì ìwé kíkà Yorùbá tó ní àmì ohùn fún kíláàsì kan, ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kò ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹkún ìyàwó. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ kẹ́místrì sọ pé àwọn onísáyẹ́ǹsì nìkan ni TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wà fún. Ṣé òótọ́ ni? Níbo ni èmi lè yíjú sí?
Akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni. Owó ìwádìí àpapọ̀ tí TETFund ń pín ní ìsọ̀rí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ìmọ̀ bíi tìrẹ àti ìmọ̀ àwùjọ. Ohun tó lè dí ọ lọ́wọ́ ni pé àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni wọ́n lè béèrè fún un, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, bá ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, kí ó fi ọ́ sínú ìwé ìbéèrè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ìwádìí. Ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ibùdó ìwádìí àwọn ará Faransé tí wọ́n ń pè ní IFRA wà níbẹ̀ láti ọdún 1990. Ó ní yàrá ìkàwé, ó sì máa ń pe àpérò.

Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ACLS, fi owó Carnegie Corporation, àjọ aláàánú kan níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà, Gánà, Tanzania, Uganda àti South Africa. Ohun tí ètò náà fún àwọn tó ti gboyè ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọdún kan tí wọn kò ní kọ́ kíláàsì kankan, tí wọn yóò kàn jókòó kọ̀wé. Olùkọ́ tó ń máàkì ìwé ìdánwò ẹgbẹ̀rún kan yóò mọ iye tí ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n má gbé gbogbo ọkàn lé owó òkèèrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, National Endowment for the Humanities, àjọ tó ń fún ìmọ̀ èdè, ìtàn àti lítíréṣọ̀ lówó, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1965 fagi lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó tí ó ti ṣèlérí fún àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú tí o ti ń gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ wà nítòsí jù. Kọ lẹ́tà sí wọn, kí o sì fi lẹ́tà akọ̀wé tó wà lókè yìí hàn wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni mí. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì bí ọgọ́ta tí mo gba rárà àti ìjálá sí láàárín ọdún 1978 sí 1985. Ta ni kí n kó wọn fún?
Bàbá, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ fi pamọ́. Ẹ má tíì kó wọn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àlùfáà Johnson tí a dárúkọ lókè: nígbà tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ó sì sọnù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní ọdún 1901. Inú àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún un kọ, kí ó tó jáde ní ọdún 1921. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yí ohùn inú wọn padà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ yín, ọ̀kan ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ mú báírò lónìí, kí ẹ kọ orúkọ asunrárà tàbí oníjàálá, ìlú rẹ̀ àti ọdún tí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sára kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ̀ ọ́n.