Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn, tó tún ń bá iléeṣẹ́ ṣiṣẹ́: kí ni ará àdúgbò lè yẹ̀ wò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ wá máa yọ́ irin àlòkù lẹ́yìn ilé wa ní Ìsọlọ̀. Wọ́n pe ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù sí ìpàdé, wọ́n pín ìrẹsì àti àǹkárá, ọ̀jọ̀gbọ́n kan sì dìde pé èéfín ibẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀yìn náà la wá gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà wà lára àwọn tí ìjọba ń bi léèrè kó tó fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó bófin mu? Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ti ra ìmọ̀ràn náà? (Akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, Ìsọlọ̀)

Ìdáhùn: A kí yín o, Akọ̀wé. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ má baà fẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kọnsọ́tántì tó kọ EIA, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìpalára tí iṣẹ́ náà lè ṣe fún àyíká. Iléeṣẹ́ ló ń gbà á, iléeṣẹ́ ló ń sanwó rẹ̀. Bí ètò ṣe rí nìyẹn. Ẹnì kejì jókòó sínú ìgbìmọ̀ tó ń bá ìjọba yẹ ìwé náà wò. Ẹnì kẹta ń bá ìjọba gbé ìlànà kalẹ̀, òun ló ń sọ ìwọ̀n èéfín tí wọ́n máa kà sí àpọ̀jù. Ìgbà tí ẹnì kan bá wọ ẹ̀wù méjì nínú mẹ́ta yìí lórí iṣẹ́ kan náà ni wàhálà dé.

Àfikún Karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gbé ara rẹ̀ sí ipò tí àǹfààní tirẹ̀ yóò ti forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì ìjọba sì wà lára àwọn tí òfin yẹn kà sí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó tún ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún kò gbọdọ̀ máa ṣe iṣẹ́ aládàáni mọ́ ọn, àyàfi iṣẹ́ àgbẹ̀. (Oko nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda.) Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní ẹ̀ka tó ń gba iṣẹ́ kọnsọ́tántì lórúkọ ilé ẹ̀kọ́, torí náà ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ni pé: ṣé ẹ̀ka yẹn ni iṣẹ́ yìí gbà kọjá, àbí ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tààrà?

Ẹ̀yin ń wá ẹni tó gba rìbá. Ní tiwa, ibẹ̀ kọ́ la máa ti bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í dúró di ọjọ́ ìpinnu. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti ń wọlé, nígbà tí wọ́n ń pinnu ohun tí wọ́n máa wọ̀n, ibi tí wọ́n máa dúró sí wọ̀n ọ́n, àti oṣù tí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Tí ìbéèrè bá ti wọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé kó má sì wúlò fún ẹni tó ń fa èéfín símú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òjé (lead) inú pẹtiróòlù. Ní 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní New Jersey níbi tí wọ́n ti ń po òjé náà. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ dìde, ní 1926 ìgbìmọ̀ ní àwọn kò rí ìdí láti fòfin dè é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Dókítà Robert Kehoe ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù lọ, owó àwọn tó ń ṣe òjé yìí ló sì ń gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ró. Ó ní òjé tó wà lára àwa èèyàn jẹ́ ohun àdámọ́. Ní 1965, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Clair Patterson, fi hàn pé ohun tí wọ́n ń pè ní àdámọ́ yẹn, iléeṣẹ́ ló ti sọ ọ́ di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣa ìgbìmọ̀ National Research Council, àjọ tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí sáyẹ́ǹsì, lórí òjé inú afẹ́fẹ́ ní 1971, wọn ò mú Patterson. Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà tó yọ ọ́ kúrò nínú epo ọkọ̀ ojú títì pátápátá. Àlùjíríà ló kẹ́yìn láyé, ní 2021. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ iléeṣẹ́ ni ẹ̀rọ àti àkọsílẹ̀ wà, torí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìjọba ń lọ bèèrè.

Ó yá, EIA tiyín. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ (draft) ìwé náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè kà á, ẹ sì lè wá a dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣòdì-Ìsọlọ̀ àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní Aláúsá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé tó ní aláwọ̀ mèremère. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti wọn afẹ́fẹ́. Ṣé oṣù kẹfà tàbí oṣù keje nìkan ni? Òjò Èkó máa ń fọ eruku lulẹ̀ nígbà náà; ó yẹ kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Afẹ́fẹ́ etí òkun, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ló ń fẹ́ jù lọ́dún, ìyẹn ni pé apá àríwá ìlà-oòrùn iléeṣẹ́ ni èéfín ń lọ. Tí gbogbo ibùdó ìwọ̀n bá wà ní òdìkejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fọwọ́ sí láti 2021 fún eruku kíkúnná PM2.5 jẹ́ 15 microgram nínú mítà onígun mẹ́ta kan, fún wákàtí 24. Wákàtí kan láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn òjò kò lè rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ bá sì bá orúkọ odò kan tí kò sí ní Èkó pàdé nínú ìwé náà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé yẹn: ibòmíràn ni wọ́n ti dà á kọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo nọ́ńbà. Òfin EIA 1992 sọ pé iléeṣẹ́ tó ń fi irin àlòkù ṣe ju tọ́ọ̀nù 200 lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ṣe EIA dandan. Tí wọ́n bá kọ 190, ẹ bèèrè ìwọ̀n ìléru wọn. Ìléru tó ń gba tọ́ọ̀nù 20, tí wọ́n ń dà jáde ní wákàtí méjì méjì, tọ́ọ̀nù 240 nìyẹn lójúmọ́. Irú nọ́ńbà báyìí ni iléeṣẹ́ ń lọ bá àwọn agbaninímọ̀ràn sọ. Nígbà tí Èkó fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025, 40 micron (máíkírọ́ọ̀nù, ìwọ̀n bí ọ̀rá ṣe nípọn tó) ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ẹni tó ń ta ọ̀rá mọ ohun tí máíkírọ́ọ̀nù márùn-ún lókè tàbí nísàlẹ̀ lè ṣe fún òun. Kò burú kí oníṣòwò sọ tẹnu rẹ̀ ní gbangba. Èyí tí wọ́n fi ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n sọ láìdárúkọ ẹni tó rán an ló burú.

Ẹ wo orúkọ wàyí. Iwájú ìwé EIA ni orúkọ àwọn tó kọ ọ́ máa ń wà. Ẹ fi wé orúkọ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ CAC, tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ní àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2023 tó ń fi ẹni tó ní ìpín 5% sókè nínú iléeṣẹ́ hàn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ẹ tún ka ìparí àwọn àpilẹ̀kọ ìmọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dárúkọ ẹni tó sanwó ìwádìí.

Ohun tí ẹ ò bá rí, ẹ fi Òfin Òmìnira Ìròyìn 2011 bèèrè. Ẹ ò ní láti sọ ìdí. Ẹ bèèrè orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé tí wọ́n fi kéde àǹfààní tí wọ́n ní lọ́dọ̀ iléeṣẹ́, àti lẹ́tà tó ti kọjá láàárín iléeṣẹ́ àti ìjọba, kí ẹ sì dárúkọ déètì. Ìbéèrè tó gbòòrò jù ni wọ́n máa ń fi sábẹ́ tábìlì. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n lè fi méje míì kún un. Tí wọ́n bá ní àṣírí òwò ni, ẹ tọ́ka sí abala 15, tó fàyè sílẹ̀ fún ìtúsíta nítorí ìlera aráàlú àti ààbò àyíká. Tí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ẹ má kọ ọ́ sí lẹ́tà pé ọ̀jọ̀gbọ́n gba owó. Ẹ bèèrè bóyá ó ti bá iléeṣẹ́ yìí ṣiṣẹ́ rí àti bóyá ó sọ fún ìgbìmọ̀. Ẹ̀sùn láìní ẹ̀rí lè sọ yín di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Bí ẹ̀rí bá wá délẹ̀, Code of Conduct Bureau, àjọ tó ń rí sí ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ni ẹ máa gbé e lọ.

Ní ti ìrẹsì yẹn, ẹ ti jẹ ẹ́, kò sí nǹkan. Ìwé tí ẹ buwọ́ lù lẹ́nu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ lọ wá, torí ẹ̀yìn EIA ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé wọ́n ti bá àdúgbò sọ̀rọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà pé wíwá ìpàdé kì í ṣe ìfọwọ́sí, kí CDA lu òǹtẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ 21 náà tó pé. Ẹ má kúrò ní ọ́fíìsì wọn láìjẹ́ pé wọ́n fi òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tiyín.