Truss rod kọ́ ni a fi ń gbé okùn béèsì wálẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ni mo ń ta. Okùn rẹ̀ ga jù, ìka ń dùn mí. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa gìtá ní kí n máa yí truss rod, irin gígùn tó wà nínú ọrùn rẹ̀, le títí okùn yóò fi wálẹ̀. Mo yí i, okùn sì wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ní báyìí ó ń kùn jìì nítòsí orí, ó sì tún ga lọ́hùn-ún níbi ara gìtá. Ṣé kí n tún yí i sí i ni? Ó tún ní kí n máa tú okùn sílẹ̀ lálaalẹ́ kí ọrùn má baà tẹ̀. Áńpù wáàtì mélòó ló sì yẹ kí n rà? Ẹ ṣé, sà.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀ ná. Má yí ohunkóhun mọ́ títí wàá fi ka èyí tán. Ọ̀rọ̀ áńpù kò le, màá fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ dáhùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Ti truss rod yìí ló ń bí mi nínú, nítorí kì í ṣe ìwọ nìkan. Léraléra ni wọ́n ń gbé gìtá tí wọ́n ti yí ní ìyíkúyìí wá bá mi, bí mo bá sì béèrè ẹni tó ní kí wọ́n yí i, "ẹnì kan tó mọ̀ nípa gìtá" náà ni. Mi ò tíì fojú kan onítọ̀hún rí.

Ìpìlẹ̀ ìbéèrè rẹ gan-an ni kò tọ́. Bí ọrùn ṣe tọ́ tó ni truss rod ń bójú tó. Gíga okùn ní ibi tirẹ̀ tí a ti ń tún un ṣe, ibẹ̀ sì jìnnà sí orí gìtá.

Wò ó báyìí. Bí a bá fa okùn béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ohùn wọn fi pé, agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn síwájú ju ìwúwo kìló 70 lọ. Igi ni igi ń jẹ́, yóò tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ irin gígùn kan sínú ọrùn, lábẹ́ pátákó tí ìka ń tẹ̀, kí ó lè máa fa igi padà sẹ́yìn bí okùn ṣe ń fà á síwájú. Thaddeus McHugh, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lórí rẹ̀ ní 1923. Kí ọrùn má baà wọ́ ló ṣe ṣe é. Nígbà tí Leo Fender, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe gìtá, gbé béèsì rẹ̀ tó ń jẹ́ Precision Bass jáde ní 1951, irin náà wà nínú ọrùn tirẹ̀ pẹ̀lú, ìdí ara gìtá ni wọ́n sì ti ń yí i, tí ó fi jẹ́ pé kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀ dáadáa, wọn a tú ọrùn kúrò. Ó dà bí ẹni pé wọn ò fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa fọwọ́ kàn án ṣáá.

Síbẹ̀, ọrùn kò gbọdọ̀ tọ́ gbọnrangandan. Okùn tí a bá ta kì í dúró sójú kan. Okùn E, èyí tó nípọn jù, bí ìka kò bá tẹ̀ ẹ́, ń mì ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àárín rẹ̀ ló sì ti ń fẹ̀ jù lọ. Nítorí náà ọrùn gbọ́dọ̀ jìn díẹ̀ láàárín, kí okùn lè ráyè mì. Jíjìn náà kéré gan-an, nǹkan bíi mìlímítà 0.3 lórí ọ̀pọ̀ béèsì.

Nígbà tí o yí irin náà le, o fa ọrùn sẹ́yìn débi pé àyè yẹn parẹ́. Àwọn fúrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tín-ín-rín tó dábùú ojú ọrùn, èyí tó wà nítòsí orí nínú wọn wá ń gbá okùn. Kíkùn tí ò ń gbọ́ nìyẹn. Níbi tí ọrùn ti wọnú ara gìtá ẹ̀wẹ̀, truss rod kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí okùn fi ga síbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Bí o bá tún yí i sí i, kíkùn á pọ̀ sí i, okùn lọ́hùn-ún kò ní wálẹ̀, ó sì lè parí sí kí irin já nínú igi tàbí kí ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ jẹ. Bí ó bá já, wọ́n ní láti ṣí pátákó ojú ọrùn kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Lórí gìtá olówó pọ́ọ́kú, owó iṣẹ́ yẹn lè ju owó gìtá lọ.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, wò ó fúnra rẹ. Fi túnà, ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá ohùn okùn pé, tún ohùn okùn ṣe kí ó pé. Gbé gìtá sí àyà bí ìgbà tí o fẹ́ ta á, má tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bí o bá ní kápò, ìyẹn ohun tí a fi ń há okùn mọ́ ọrùn, fi há fúrẹ́ẹ̀tì kìíní. Bí o kò bá ní, ìka ni kí o fi tẹ̀ ẹ́. Fi ọwọ́ kejì tẹ okùn E mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Okùn tó fà tọ́ yẹn ti di rúlà rẹ. Wá wo abẹ́ rẹ̀ ní fúrẹ́ẹ̀tì keje tàbí ìkẹjọ, kí o sì fi ìka kan án níbẹ̀. Bí ó bá rìn wálẹ̀ díẹ̀ tó sì dún "tín" lórí irin, àyè wà. Bí kò bá mira rárá, ó ti sùn lé fúrẹ́ẹ̀tì lórí, ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé tìrẹ kò ní mira. Káàdì báńkì nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 0.76, bí òun bá kọjá lábẹ́ okùn níbẹ̀ láì gbé okùn sókè, jíjìn náà ti pọ̀ jù, ìyẹn sì ni ìṣòro òdìkejì tìrẹ.

Bí kò bá mira, yí truss rod padà sí òdìkejì ọwọ́ aago, ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tún ohùn ṣe, wọ̀n ọ́n padà, sinmi. Igi mìíràn kì í dáhùn títí di ọjọ́ kejì. Kọ́kọ́rọ́ tó bá a mu rẹ́gí ni kí o lò: ti íńṣì wà, ti mìlímítà wà, èyí tó "fẹ́rẹ̀ẹ́" bá a mu ló ń jẹ ojú rẹ̀. Bí ó bá le ju bó ṣe yẹ lọ, dúró, gbé e lọ fún oníṣẹ́ gìtá. Mi ò rí gìtá rẹ, mi ò sì mọ irú truss rod tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo sọ bá ọ̀pọ̀ mu, kò bá gbogbo rẹ̀ mu. Bí ìwé tó bá gìtá wá bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé ni kí o tẹ̀lé. Bí ó bá já mọ́ ọ lọ́wọ́, èmi kọ́ ni mo rán ọ o.

Ìgbà tí ọrùn bá ti wà bó ṣe yẹ ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ lè sọ̀rọ̀ gíga okùn. Lọ sí bíríìjì, irin tí okùn gbé lé ní ìsàlẹ̀ ara gìtá. Okùn kọ̀ọ̀kan jókòó lé saddle tirẹ̀, saddle kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ní súkúrù kéékèèké méjì tó ń gbé e sókè tàbí sílẹ̀. Wọn àlàfo láti orí fúrẹ́ẹ̀tì kẹtàdínlógún dé abẹ́ okùn: bíi mìlímítà 2.4 fún E, 2 fún G, èyí tó tín-ín-rín jù, ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọwọ́ rẹ bá wúwo, gbé e ga sí i. Lẹ́yìn èyí, fi túnà wo ohùn okùn kọ̀ọ̀kan ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá. Bí ohùn ibẹ̀ bá ga ju bó ṣe yẹ, ti saddle sẹ́yìn. Bí ó bá relẹ̀, fà á síwájú. Okùn tuntun ni kí o fi ṣe gbogbo èyí, òkú okùn ń purọ́.

Ti títú okùn lálaalẹ́: má ṣe bẹ́ẹ̀. Okùn àti irin ti bá ara wọn dọ́gba, o sì ń da ìdọ́gba náà rú lójoojúmọ́. Ooru, ọ̀rinrin àti gbígbẹ afẹ́fẹ́ ló ń da ọrùn láàmú. Má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, o lè mú okùn dẹ̀ díẹ̀.

Ó ku áńpù. Wáàtì kọ́ ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí o bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré (òṣùwọ̀n ariwo ni decibel) ló ń fi kún ohùn. Kí etí tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, wáàtì náà yóò tó ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà má ṣe torí 100 àti 150 bá ẹnikẹ́ni jà, sípíkà tó lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ ni kí o wá. Áńpù gìtá lásán ṣe é fi kọ́ṣẹ́ nínú yàrá bí o kò bá ṣí i sókè. Bí o bá ṣí i, sípíkà rẹ̀ lè ya. Bí áńpù bá kọ ohm 4 (òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná ni ohm) gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù, o lè so àpótí sípíkà ohm 8 méjì mọ́ ọn ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, torí 4 ni àpapọ̀ wọn. Ohm 4 méjì á di 2, áńpù á gbóná. Wáyà sípíkà ni kí o fi so wọ́n, kì í ṣe wáyà gìtá. Tí ó bá jẹ́ áńpù onítúùbù, èyí tó ń lo túùbù onígíláàsì, má tàn án láìsí sípíkà lára rẹ̀, má sì ṣí inú rẹ̀. Iná tó kù nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí o ti yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bí áńpù bá ń kùn tí ẹnì kan sì ní kí o gé ẹsẹ̀ earth lára púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ó lè dákẹ́, má jẹ́ kó fọwọ́ kan ohun èlò rẹ mọ́. Ọwọ́ rẹ wà lára okùn, ètè rẹ wà lára gbohùngbohùn. Tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú áńpù, àárín àwọn méjèèjì ni iná máa gbà kọjá. Kíkùn áńpù ní ìdí tirẹ̀. Kọ̀wé padà lórí ìyẹn lọ́tọ̀, kí o sọ irú pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn, tó wà lórí béèsì rẹ.