Ọta Ìbọn Afẹ́fẹ́ Mi Kò Sáré Tó Bí Wọ́n Ṣe Kọ Ọ́: Kí Ni Mo Lè Ṣe?

Ìbéèrè

Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì ni mo ń lò, irú èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó ki ọta sí i. Ọta 4.5 mílímítà ló ń gbà. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ọta rẹ̀ máa ń sáré 305 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fi ọta òjé tó wúwo tó 0.55 gíráàmù yìn ín kọjá lójú ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, 228 ni mo rí. Mo wá kán epo ẹ̀rọ díẹ̀ sí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ó dún gbàmù, èéfín rú, ẹ̀rọ náà sì kọ 290. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, kò tó 215 mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ra sípíríǹgì tó le ju tinú rẹ̀ lọ? Kí ló tún wà tí mo lè dán wò?

Ìdáhùn

Ẹ má kán epo sí i mọ́, ẹ má sì tíì ra sípíríǹgì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ìbọn yín ń ṣe, nítorí iye ara páálí yẹn àti iye tí ẹ̀rọ yín kọ kì í ṣe ohun tí a lè fi wéra bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìbọn afẹ́fẹ́ sábà máa ń fi ọta tó fúyẹ́ jù lọ wọn eré rẹ̀, kí iye náà lè wu ẹni tó fẹ́ rà á. Irú ọta bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òjé, irin fífúyẹ́ ni, ó sì lè má ju 0.34 gíráàmù lọ. Ẹ fi eré ọta lọ́po ara rẹ̀, ẹ fi ìwúwo ọta ní gíráàmù lọ́po èyí tí ẹ bá rí, kí ẹ wá fi 2,000 pín in: agbára tó wà lára ọta náà ní joule nìyẹn. Ọta 0.34 gíráàmù tó ń sáré 305 ní 15.8 joule lára. Tiyín, 0.55 gíráàmù tó ń sáré 228, ní 14.3. Ká tiẹ̀ ní ìbọn yín ń mú gbogbo 15.8 yẹn jáde, ọta òjé tiyín kò ní sáré ju 240 lọ. Nínú mítà 77 tí ẹ rò pé ó sọnù, bíi 65 jẹ́ ti ìwúwo ọta, bíi 12 péré ló ṣeé wá rí. Ìṣirò yìí kò lè bọ́ sí i gẹ́lẹ́, torí pé ìbọn onísípíríǹgì kì í fún ọta fífúyẹ́ àti ọta wíwúwo ní agbára kan náà, àmọ́ ó sún mọ́ ọn dáadáa. Kí ọta 0.55 gíráàmù tó sáré 305, 25.6 joule ló máa gbà, ìyẹn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ìbọn yín ń mú jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ kán epo sí i rèé. Bí písítìnì, ìyẹn irin inú ìbọn tí sípíríǹgì ń tì, bá já síwájú, ó máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lójijì, débi pé afẹ́fẹ́ náà á gbóná tó láti tan iná sí epo. Epo tó ti fọ́n ká inú rẹ̀ á gbiná, iná náà á ti ọta síwájú, á sì ti písítìnì padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni 290 ti wá. Àmọ́ iná yẹn ń jó etí rọ́bà orí písítìnì, ó ń lọ́ sípíríǹgì, nígbà míì ó ń kán an, ó sì lè ba ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ ara ìbọn jẹ́. Bí iye náà ṣe wá bọ́ sí 215 lẹ́yìn rẹ̀, rọ́bà tó ti jó ni mo kọ́kọ́ fura sí. Epo ẹ̀rọ, WD-40, pẹtiróòlù, ether: kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ dé iwájú písítìnì nínú wọn. Bí ìbọn tuntun bá rú èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìwọ̀nba ọta àkọ́kọ́, kò sí wàhálà, gíríìsì tí wọ́n fi tò ó ló ń jó tán. Gbàmù yẹn ló burú.

Níbi tí eré ti sábà máa ń sọnù nínú irú ìbọn yìí, ibi tí ọ̀pá ti pàdé ara ìbọn ni. Rọ́bà róbótó kan wà níbẹ̀ tó ń dí àlàfo àárín wọn. Bó bá ti pẹ́, á fẹ̀ pẹlẹbẹ, á gan, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá jáde nígbà tó yẹ kó máa ti ọta. Ẹ gé tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí ibi ìpàdé náà, kí ẹ ki ọta bọ ìbọn, kí ẹ sì yìn ín síbi tí kò léwu. Bí tíṣù bá fò, tàbí tó gbọ̀n rìrì, ibẹ̀ ń jò. Ẹ fi ohun tí kì í ṣe irin yọ rọ́bà náà kí ẹ má bàa ha ibùjókòó rẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀, ẹ fi tuntun tó bá a mu sí i. Ó yẹ kó yọ díẹ̀ ju irin tó yí i ká lọ, bí nínípọn bébà ìkọ̀wé méjì, nǹkan bí 0.2 mílímítà. Bí kò bá yọ tó bẹ́ẹ̀, ẹ gé ọ̀rá tín-ín-rín bí òrùka kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá yọ jù, ọ̀pá kò ní padé tán, ẹnu ìbọn á dorí kọ ilẹ̀ díẹ̀, ọta yín á sì máa bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí ẹ wò. N kò mọ àtúnṣe míì tó kéré báyìí tó ń dá eré padà tó èyí.

Ọta ló tẹ̀ lé e. Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní 4.5 kò dọ́gba: orí òmíràn jẹ́ 4.50, ti òmíràn 4.52, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ sára agolo rẹ̀. Ẹ wá oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà láàárín 0.45 sí 0.60 gíráàmù, kí ẹ fi àtàǹpàkò ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé. Èyí tó bá yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀ tú jù, afẹ́fẹ́ á ti gbé e lọ kó tó di pé agbára kó jọ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá le kokooko, ọ̀pá á gbà lára eré rẹ̀. Èyí tó dára á kọ̀ díẹ̀, á sì wá jókòó, kí ìdí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ojú irin. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo etí ìdí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ yẹn: bó bá tẹ̀ wọnú níbì kan, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má gé e, ẹ má sì fi ohunkóhun fẹ̀ ẹ́. Ọta tó fúyẹ́ jù á tètè kúrò níwájú písítìnì, kò sì ní sí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti dá písítìnì dúró kó tó fi orí gbá ògiri. Ọta tó wúwo jù ń pẹ́ kó tó kúrò, afẹ́fẹ́ á ta písítìnì padà sẹ́yìn, eré á sì lọ síbẹ̀.

Ó wá kan písítìnì. Pẹ̀lú ohun tí ẹ ti fi epo ṣe, ó ṣeé ṣe kí ẹ tú ìbọn yìí, ìkìlọ̀ mi níbí kò sì ní àwàdà nínú: sípíríǹgì inú rẹ̀ kì í tú tán pátápátá bí ìbọn kò tiẹ̀ ṣíṣẹ́. Ó ṣì ń fi agbára ti síkúrúù ẹ̀yìn ìbọn, ó sì lè fi irin gbá ènìyàn lójú. Ẹ yọ ọta, ẹ di ìbọn mọ́ kìláàǹpù gígùn tó lè rọra tú sípíríǹgì náà lára síkúrúù kan, kí ẹ wọ jígí ààbò ojú. Bí ẹ kò bá ní irú kìláàǹpù yìí, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe.

Bí ẹ bá ti tú u, ẹ wo etí rọ́bà písítìnì. Bó bá dúdú, tó ní ìlà jíjó, tàbí tó ti gé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ nu inú ilé písítìnì gbẹ títí aṣọ á fi jáde láì ní epo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gíríìsì moly pa ẹ̀gbẹ́ písítìnì fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tó ti ń fara kan irin, díẹ̀ sára sípíríǹgì, kò sì gbọ́dọ̀ dé iwájú rọ́bà rárá. Bí písítìnì bá jẹ́ aláwọ, epo silicone ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi sí i kí awọ náà má gbẹ.

Sípíríǹgì tó le jù tí ẹ béèrè ńkọ́? Ohun tó ń ti ọta ni afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tó sì wà nínú ilé písítìnì kò ní pọ̀ sí i torí pé sípíríǹgì le. Bí ilé písítìnì bá fẹ̀ tó 25 mílímítà, tí písítìnì sì ń rin 80 mílímítà, afẹ́fẹ́ tí ẹ ní kò ju nǹkan bí 39 mílílítà lọ, yálà sípíríǹgì le tàbí kò le. Sípíríǹgì líle á mú písítìnì yára, á wá gbá afẹ́fẹ́ náà kó sì ta padà. Ìbọn á le láti ṣẹ́, á máa fò lọ́wọ́ yín, eré tí ẹ rí kò sì ní ju mítà díẹ̀ lọ. Nígbà míì, ó tiẹ̀ máa ń dín kù. Ìṣòro kejì wà nínú gígùn rẹ̀. Ẹ ka òrùka sípíríǹgì, ẹ fi nínípọn wáyà rẹ̀ lọ́ ọ po: òrùka 30 tí wáyà wọn jẹ́ 3 mílímítà, 90 mílímítà ni wọ́n máa gbà bí gbogbo wọn bá pàdé. Bí àyè tó kù nígbà tí ìbọn bá ṣẹ́ tán kò bá tó bẹ́ẹ̀, òrùka á gbá òrùka kí ìbọn tó ṣẹ́ tán, ẹni tó bá sì fipá tẹ̀ ẹ́ ń ba irin ìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Sípíríǹgì tó yẹ kí ẹ rà ni irú tí wọ́n fi ṣe ìbọn náà níbẹ̀rẹ̀, bí tìsinsìnyí bá ti wọ́ tàbí tó ti kúrú. Ẹ yí i lórí tábìlì gbọọrọ: bó bá ń mì jẹlẹnkẹ bó ṣe ń yí, ó ti wọ́.

Ọ̀pá gígùn kò ní ran irú ìbọn yìí lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ tán láàárín nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 àkọ́kọ́. Ohun tó kù, ìfọwọ́rá lásán ni. Ẹ fi okùn fa aṣọ mímọ́ kọjá nínú rẹ̀ láti ìdí sí ẹnu títí á fi mọ́, ó parí.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó ní ìbọn PCP, irú èyí tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà rẹ̀ dé 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì ń ti ọta títí dé ẹnu, ọ̀pá gígùn sì ń fi eré kún un. Sípíríǹgì òòlù tó ń ṣí fáàfù náà ṣeé yí: ẹ máa fún un le díẹ̀díẹ̀ títí eré kò fi ní pọ̀ mọ́, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀, torí pé ohun tó bá kọjá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fi ṣòfò. Rírọ̀ ọ́ kọjá ìwọ̀n ń mú kí fáàfù ṣòro láti ṣí, eré á sì já wálẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ni kí ẹ rọ sí i. Ọ́síjìn lè bú gbàmù mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ìbọn tó ń lo gáàsì CO2 ń gbọ́ràn sí ojú ọjọ́: agolo rẹ̀ wà ní bíi 57 bar ní 20°C, ó sì ń bọ́ sí bíi 45 ní 10°C. Nítorí náà, ẹ má fi iye tí ẹ rí lọ́jọ́ tútù wé tọjọ́ gbígbóná.

Ohun kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pa rọ́bà àti ọta dà lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe é. Ẹ yìn ín ní ìgbà mẹ́wàá fún àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu ìbọn jìnnà sí ẹ̀rọ náà bákan náà nígbà gbogbo, ẹ kọ gbogbo iye sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó ga jù nìkan. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù. Bó bá ju mítà 10 lọ, nǹkan kan ṣì ń jò tàbí ọta kò bá ọ̀pá mu, bí ìpíndọ́gba rẹ̀ tiẹ̀ dára. Ẹ má yìn ín láì sí ọta nínú rẹ̀ láé, torí pé kò sí afẹ́fẹ́ tó máa gba písítìnì dúró. Bí ẹ bá sì ń ki ọta, ẹ di ọ̀pá mú ṣinṣin: bí ohun tó ń dá písítìnì dúró bá yọ̀, ọ̀pá á padé mọ́ ìka.

Kí ẹ tó lé eré síwájú, ẹ mọ òfin ibi tí ẹ wà. Ní Ẹ́ńgílándì, ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tó bá kọjá 16.3 joule ti di ohun tó ń gba ìwé àṣẹ ìbọn. Tiyín kò jìnnà síbẹ̀. Ní Jámánì, 7.5 joule ni òpin fún èyí tí kò nílò ìwé àṣẹ. Ní Kánádà, ìbọn tó bá kọjá 152.4 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí agbára rẹ̀ sì kọjá 5.7 joule, wọ abẹ́ òfin ìbọn gidi. Eré tó sún mọ́ ti ìró, ìyẹn bíi 340 mítà, tún ń dààmú ọta tó ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́: afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n ọ́n, kò sì ní bọ́ síbi tí ẹ wò. Láti 280 wálẹ̀ ló ti ń rìn dáadáa.

Tí rọ́bà méjèèjì bá ti di tuntun, tí ilé písítìnì gbẹ, tí ẹ sì rí 235 sí 240 pẹ̀lú ọta 0.55 gíráàmù, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Kí ẹ wá fi oríṣi ọta tí ẹ ní yìn sí àmì tó wà ní mítà 25, kí ẹ mú oríṣi tí ihò rẹ̀ bá kó jọ jù, bó tiẹ̀ fi mítà mẹ́fà lọ́ra ju àwọn yòókù.